Ọgbọ̀njọ́ Oṣù Tí Kò Pé Ọgbọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ obì, kó jẹ ẹ́ tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo eyín ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún wá sábẹ́ òjìji igi yìí. Oòrùn kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́rìnlá. Mo ti bá ẹkùn wo ojú ara wa títí ojú fi ti ẹkùn, tó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọdẹ kan tó jù mí lọ ni, Ọdẹ́jìmí ará Ọ̀pẹ̀kété, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń mọ ọjọ́ bí ẹni ń mọ ìkòkò. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọdẹ́jìmí yìí, kò sí àbùkù lára rẹ̀ ju ẹnu lọ. Bó bá yìnbọn, ìbọn rẹ̀ kì í tàsé. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀ délé. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Ìbídùn, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, àmọ́ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ tirẹ̀. Ìbídùn ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Ọdẹ́jìmí wà nínú igbó. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọmọ ti kú kí ó tó dé. Kò rí ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ yìí sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí oyún kẹta wọ oṣù ìbí, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé erin ti wọ igbó apá òkè. Ara rẹ̀ kò gbà á láti jókòó, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á láti lọ. Ohun tó wá ṣe nìyí: ó mú irin, ó fi eyín kàn án lójú gbogbo ilé.

"Mo fi irin búra," ó ní. "Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́yìn mi. Ọgbọ̀njọ́ oṣù tó wà lókè yìí ni n ó wà nílé. Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí náà ni kí a bí i. Kò gbọdọ̀ ṣáájú, kò gbọdọ̀ kẹ́yìn."

Ìbídùn di apá rẹ̀ mú. "Ọkọ mi, oṣù mìíràn kì í pé ọgbọ̀n o. Ẹ jẹ́ ká kàn gbàdúrà pé kẹ́ ẹ bá a láyọ̀."

"Oṣù wo ni kì í pé ọgbọ̀n? Ta ló ń bá ọ kà á?" Ọdẹ́jìmí rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù ni Ọdẹ́jìmí ru eyín erin wọlé, ó dé ṣáájú àdéhùn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò kígbe níta pé oṣù tuntun ti lé! Oṣù ti àná ti kú ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀njọ́ tí ọdẹ fi irin búra sí kò sí lóde ayé, kò sì ní sí láéláé.

Ìrọbí mú Ìbídùn lọ́jọ́ kejì, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Ọmọ ń ta ẹsẹ̀ nínú, kò wá. Agbẹ̀bí ìlú, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dẹ̀rọ̀, ló pe Ọdẹ́jìmí sẹ́yìn ilé.

"Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí n kò lè kà tán," ìyá náà wí. "N kò rí irú èyí rí. Ọ̀nà ọmọ ti ṣí, ọmọ ti dorí kodò. Ọjọ́ ni kò sí. Ìwọ lo so ọmọ mọ́ ọjọ́ tí kò sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ ò lè dé."

"Ìyá, ẹ gbà mí. Kí ni kí n ṣe?"

"Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń dárúkọ ìlú kan, Amọjọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ sún un. Má jẹ́ kó pẹ́, Ọdẹ́jìmí. Ẹ̀mí tó kù lára obìnrin yìí ti tín-ín-rín."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdẹ́jìmí kò lè wo ojú Ìbídùn lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó mú okùn kan, ó ta kókó kan sí i ní òwúrọ̀ náà, nítorí lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí a bá gbéra ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Gbogbo ìgbà tó bá sùn tó jí, a tún ta kókó kan.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Kóńkó-Jabele, níbi tí igi kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe àkókò tirẹ̀. Lábẹ́ ìrókò, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ìrì ń kán sí i lọ́rùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan bọ́ sábẹ́ àràbà, oòrùn kan àtàrí. Ó tún gbé ọ̀kan bọ́ sábẹ́ ọ̀mọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn ẹyẹ ń wá ibi tí wọn yóò sùn. Ó rí èsúró kan lábẹ́ ọ̀mọ̀ yìí, ó yìn ín níbọn, ọta bà á. Èsúró fò padà sábẹ́ ìrókò, ó dúró, ó ń jẹko wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí lábẹ́ ìrókò ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn. Ọdẹ́jìmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Lábẹ́ igi kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà. Lábẹ́ èkejì, àgbọ̀n rẹ̀ dán bí ti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin kan ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gbé ìbọn rẹ̀ lọ síbẹ̀ kó dán an wò.

Ẹ̀rù bà á gidi. Kò mọ̀ bóyá ilé ti di àná, kò mọ̀ bóyá ilé ṣì ń bọ̀ lọ́la. Okùn ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú. Kókó ibẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò dín kù, igi yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀. Àkókò ilé ló wà lára okùn yẹn, òun ló sì tẹ̀ lé títí ó fi já síta igbó.

Níbi tó já sí, ó bá oníbodè. Orí ẹ̀dá yìí yí sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà. Kò kí ọdẹ, ọdẹ kò kí i.

"Kí ló ń bọ̀ lójoojúmọ́," oníbodè bi í, "tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó dé rí?"

"Ikú," ni Ọdẹ́jìmí wí kíá.

"Ikú kò dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ ni? Ẹ̀ẹ̀kan ló kù ọ́. Bó o bá tún ṣì í, orí tìrẹ náà á yí sẹ́yìn."

Ọdẹ́jìmí kò rántí ọgbọ́n kankan. Ìbídùn ló rántí, bí ó ṣe máa ń bi Ìyá Dẹ̀rọ̀ léèrè nírọ̀lẹ́ gbogbo pé ìgbà wo ni, àti èsì kan ṣoṣo tí ìyá náà ń fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀la ni," ó ní. "Ọ̀la ló ń bọ̀ tí kì í dé. Bó bá dé, òní là ń pè é."

Orí oníbodè yí padà síwájú pẹ̀lú ìró bí igi gbígbẹ, ó wo ọdẹ lójú. "Wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ohun tó o bá tọrọ níbẹ̀, dúró gbà á kó o tó lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni n ó fi wé e? Pẹpẹ alámọ̀ lórí pẹpẹ alámọ̀, láti ilẹ̀ títí kan àwọsánmà, ìkòkò tò lórí wọn lọ bí ojú ṣe lè ríran mọ, gbogbo ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan ni. Ọdẹ́jìmí kúnlẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó kúnlẹ̀. Láàárín agbolé, wọ́n da ojú ìkòkò ńlá kan délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin ìlú náà ń mọ gbogbo ọjọ́ lé. Ìyá Ọjọ́ ni wọ́n ń pe ìkòkò náà. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí kò jọ ọ́. Ọjọ́ ọjà ní etí méjì, ọjọ́ ọdún ní ọ̀nà tí wọ́n fín sí i lọ́rùn, ọjọ́ òjò nípọn díẹ̀. Ìdí gbogbo wọn, ìdí kan náà ni. Ohun tó wà nínú wọn ni kò dọ́gba. Ìkòkò kan ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọjá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sunkún.

Ọ̀gá àwọn amọ̀kòkò náà, ìyá arúgbó kan tí amọ̀ bò dé ìgúnpá, nawọ́ sí ilẹ̀. "O kú ìrìn, ọmọ mi. Tìrẹ nìyẹn."

Ìkòkò kan ló dá wà lórí ilẹ̀, okùn ìbúra ọdẹ wà lọ́rùn rẹ̀, kò rí àyè lórí pẹpẹ kankan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Alámọ̀," Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀.

"Láyé ìgbà yẹn, ohun tí ẹnu bá ti pè la máa ń mọ," ìyá náà wí. "Ìgbà tí a rí tìrẹ la fi ẹnìkan sí ẹnu kòtò amọ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá pe ọjọ́ tí kò sí, kó lé e padà. O ti di àpẹẹrẹ níbí."

Ojú ti ọdẹ. Ó na ọwọ́ kó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò náà, ìyá náà sì gbá a lọ́wọ́. "Ọjọ́ kì í gbà kí a ti ọwọ́ bọ òun nínú! Bi í léèrè, á dá ọ lóhùn. Tẹ́tí sí i, wàá gbọ́."

"Ọjọ́, ta ni ọ́?"

"Ọgbọ̀njọ́ oṣù tó kú ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí," ìkòkò wí. "N kò ní àyè."

Ó gbé etí lé e. Ohùn Ìbídùn ló gbọ́, ó ń kérora wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí okun ń tán nínú rẹ̀. Ọdẹ́jìmí fò dìde. "Ìyá, ọjọ́ mélòó ni mo lè fi délé?"

"Odò kan wà lẹ́yìn ìlú. Ọkọ̀ rẹ̀ á gbé ọ délé lọ́rún, ìyẹn lọ́jọ́ karùn-ún. Àmọ́ ẹni tó gbé ọjọ́ tí kò tíì dé lọ́wọ́ nìkan ló ń gbé."

"Ẹ bá mi sún un dé ọrún òní, ẹ jọ̀ọ́. Kí n bá a nílé."

Ìyá náà wo ìkòkò ilẹ̀ yẹn yíká, ó bu amọ̀, ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ìyá Ọjọ́, ó fi iná sí i. Bí iná ti kú, ó ní, "Ó ti ṣe tán." Kó tó parí ọ̀rọ̀, Ọdẹ́jìmí ti gbé ìkòkò ilẹ̀ lé èjìká, ó ń sáré lọ sódò, ó ń dúpẹ́ láìwẹ̀yìn. Ọkọ̀ kò mì. Ó tì í, kò mì. Ó wá bi ìkòkò léèrè, ìkòkò sì dáhùn pé ọgbọ̀njọ́ oṣù tó kú ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lòun, òun kò ní àyè.

Ó padà pẹ̀lú ìbínú. "Ìyá, ẹ tàn mí! Ẹ ò sún nǹkan kan!"

Gbogbo àwọn amọ̀kòkò bú sẹ́rìn-ín. "Ìkòkò tí iná ti jó, ta ló ń tún un mọ?" Ìyá Alámọ̀ bi í. "A kì í yí ọjọ́ padà níbí. A máa ń wo ọ̀kan, a sì mọ òmíràn. Èyí tó o tọrọ ló wà lórí pẹpẹ yẹn, èyí tó o bá nílẹ̀ lo gbé sá lọ. Oníbodè kò kìlọ̀ fún ọ ni?"

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ọdẹ tó lè lúgọ de ẹtu láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò lè dúró gba ohun tó tọrọ. Ó rọra gbé ìkòkò tuntun náà, ó gbé etí lé e.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ìkérora, kò sí ẹkún ọmọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wọ ara rẹ̀ bí òtútù.

"Ìyá," ó béèrè, "báwo lẹ ṣe ka ọrún yìí?"

"Ọ̀la ni ení, ọ̀tunla ni èjì..." Ìyá náà kà á dé àrún.

"Rárá o! Lọ́dọ̀ wa, òní ni ení!"

"Òní tó ti ń lọ yìí? Oúnjẹ tí èèyàn ti jẹ dé ìdajì, ó tún ń kà á mọ́ èyí tó wà nínú ìkòkò?"

"Ìyá, ẹ dákun," Ọdẹ́jìmí wí. "Obìnrin kan ń rọbí ní Ọ̀pẹ̀kété nísinsìnyí tí a ń sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sọ fún un pé òní kì í ṣe ọjọ́."

Ọwọ́ gbogbo amọ̀kòkò dúró lórí amọ̀. Ìyá Alámọ̀ kọjú sí i. "Òní ilé ta ni?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. Ọdẹ́jìmí na okùn sí i. Ìyá náà fi àtàǹpàkò ka kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bu amọ̀ mìíràn, ó mọ ọrún bí a ṣe ń kà á ní Ọ̀pẹ̀kété, ó fi ọjọ́ kan ṣíwájú ti àkọ́kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọdẹ gbé etí lé e. Ọmọ ké! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó wá gbọ́ ohùn Ìyá Dẹ̀rọ̀ tó ń sunkún, ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń pe Ìbídùn, Ìbídùn, tí Ìbídùn kò dáhùn. Ohùn ara rẹ̀ ni.

Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Ó jókòó sínú eérú. Ọdẹ tó kọ iwájú sí erin jókòó sínú eérú, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ìyá," ó sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ mọ òní fún mi."

"Gbọ́ o. Ọjọ́ tó ti dé, odò kì í gbé e. Ẹsẹ̀ lo máa fi padà, inú Kóńkó-Jabele ni wàá tún gbà, okùn rẹ kò sì ní ràn ọ́ lọ́wọ́, torí òní tí a bá mọ máa ń jẹ kókó rẹ̀ tán. N kò mọ iye ọdún tí igbó yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á bí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ. Ṣé kì í ṣe kí wọ́n má baà bí i lẹ́yìn rẹ lo ṣe fi irin búra?"

"Torí ẹ̀ ni."

"O ṣì ní kí n mọ ọ́n?"

"Ẹ mọ ọ́n, ìyá. Ẹ má jẹ́ kó lọ."

Ó mọ ọ́n. Ó tú okùn ìbúra kúrò lọ́rùn ìkòkò àtijọ́, ó so ó mọ́ tuntun. "Ọjọ́ tí a kò bá gbà, kì í dé bá ẹnikẹ́ni," ó ní. "Na ọwọ́ rẹ." Lọ́tẹ̀ yìí, Ọdẹ́jìmí na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ìkòkò náà sì wúwo bí ọmọ.

Ó gbọ́ igbe ọmọ. Ó gbọ́ Ìbídùn tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn tó ti há. Ó gbọ́ ọ tó ń béèrè pé, "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Dẹ̀rọ̀ sì dáhùn pé, "Kò tíì dé." Ọdẹ́jìmí fi ẹnu sí ẹnu ìkòkò, ó ké pé, "Èmi rèé o! Mo ń gbọ́ yín!" Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì kọrí sí igbó.

Kóńkó-Jabele gba tirẹ̀ lóòótọ́. Abẹ́ ìrókò gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́ àràbà gba ọdún kan gbáko, n kò ní ka àwọn igi yòókù. Nígbà tó já sí ẹ̀yìnkùlé Ọ̀pẹ̀kété, ọ̀sán gangan ni, aṣọ ọdẹ ti gbó mọ́ ọn lára, irun ti bo ojú rẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́rin kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí ẹ̀dá onírun tó gbé ìbọn, ó sì figbe ta.

"Olè! Olè!" Ó bu iyẹ̀pẹ̀ kún ọwọ́, ó dà á sí ọkùnrin náà lójú.

Ọdẹ́jìmí gbé ìbọn kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ níwájú ọmọ. Kò nu ojú. Ìbídùn sáré jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó wò, ó tún wò, ọmọ odó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ káàbọ̀. Ọmọ yín ló ń lù yín yẹn."

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ máa wò mí báyìí, èmi apẹfọ̀n mẹ́rìnlá, tí mo ti ń pe Ọdẹ́jìmí, Ọdẹ́jìmí láti àárọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni. Bàbá mi ni. Èmi ni mo da iyẹ̀pẹ̀ sí i lójú. Mo ti bu ẹ̀kúnwọ́ kejì nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi sì dúró lókè, n kò mọ ohun tí n ó ṣe sí i. Bàbá mi gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ mi, omijé àti yẹ̀pẹ̀ ń ṣàn pọ̀ lórí rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí ọmọ ènìyàn rí.

"Tún dà á," ó ní. "Tún dà á sí mi, ọmọ mi. Mo ti dé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé nìyẹn. Ẹ fún mi lómi mu.